Òkú Tí Kò Jẹ́ Abena

Bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹun, wọ́n á rọra sún àwo wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkú ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fi òrí pa wọ́n lára, mò ń wọ aṣọ fún wọn, mo sì ń tẹ́ wọn sórí ibùsùn ẹ̀yẹ kí àwọn ará ilé wọn tó wá wò wọ́n kẹ́yìn. Ní Kumasi níbí, ìsìnkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí kò rí aṣọ gidi wọ̀ nígbà tó wà láyé lè pààrọ̀ kẹ́ńtè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn tó kú. Òkú ò moye à ń ràgọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, mi ò ní kí ẹ wá ṣe tèmi o. Ẹ ṣáà jókòó ná, ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò nínú Kumasi, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, mi ò sì tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí títí di òní. Dọ́kásì lorúkọ mi. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Twi là ń sọ lójúde, Hausa la fi ń ná ọjà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Àwa onígbàgbọ́ díẹ̀ tó wà láàrin àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń kọrin tiwa lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó dí wa lọ́wọ́.

Aṣọ rírán ni mo fẹ́ kọ́. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà Àṣáńtì kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Eno Afia, torí wọ́n ní ó mọ aṣọ rán. Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n rán. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ìyá mi ni pé àwọn tó ń rán an fún kì í padà wá ṣàròyé pé aṣọ fún àwọn jù. Ọjọ́ tí mo dé, dípò abẹ́rẹ́, bàsíà omi gbígbóná ló gbé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ̀ lé òun wọ yàrá. Mo rí ohun tó wà lórí ẹní, mo sì sá jáde. Ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí padà.

Eno Afia le bí ojú ẹja. Bí èékánná mi bá gùn díẹ̀, á fi ṣíbí igi gbá mi lọ́wọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, màá dúró síta títí di ọjọ́ kejì. Kì í sì í fi agbára ká apá òkú tó bá ti gan. Á tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀, á pè é lórúkọ, á bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń ṣe àgídí: "Kofi, mepa wo kyɛw, jẹ́ ká wọ ẹ̀wù yìí." Apá náà á sì rọ̀. Mo fi ojú ara mi rí i títí tí kò fi yà mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé á ní wákàtí tó ti kọjá lórí òkú ló ń rọ̀ ọ́. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ kan òkú láìkọ́kọ́ pè é lórúkọ rí.

Àwọn kan nínú ìjọ wa fi mí sùn nítorí rẹ̀. Wọ́n ní onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ bá òkú sọ̀rọ̀. Mo ní Olúwa wa fúnra rẹ̀ pe òkú lórúkọ, ó sì jẹ́. Èmi ò sọ pé kí tèmi dìde, kó ṣáà ká apá ni mò ń bẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀.

Eno Afia tún ní òfin méjì tí kò gba àròyé. Wọn kò gbọdọ̀ wọ kìkì aṣọ tuntun fún òkú. Aṣọ kan tó ti lò mọ́ra gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, bó jẹ́ gèlè, bó jẹ́ ìborùn àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún. Èkejì ni pé ohun tí ọwọ́ bá rí lára òkú, ẹnu kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ti rí oyún lára ẹni tí wọ́n ń pè ní wúńdíá, ó ti rí àpá abẹ lára ẹni tó ní òun kò ṣàìsàn rí. Ẹnu mi ò mọ̀kan.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, álọ́ọ̀mù, òrí àti yìnyín la fi ń ṣiṣẹ́. Yìnyín ọ̀hún, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja tútù la ti ń rà á, òkú olóyè àti òkú mẹ́káníìkì àdúgbò Suame Magazine á jọ máa rùn bí ẹja. Nígbà tó yá, oògùn tí wọ́n ń gún sí iṣan dé. Ẹ̀rọ amúlétutù náà dé, iná ìjọba sì ń lọ, à ń sáré kiri bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àtíkè tó bá àwọ̀ ara mu dé, irun àtọwọ́dá dé. Lóde òní, àwọn ọmọ olóògbé á na fóònù sí mi lójú: "Auntie, ẹ ṣe é kó jọ èyí." Fọ́tò ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn! Mo máa ń sọ fún wọn pé aláṣọ òkú ni mí, èmi kì í ṣe Ẹlẹ́dàá.

Eno Afia kú kó tó di pé ẹ̀rọ amúlétutù dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Kí n tó pe orúkọ rẹ̀ tán, apá rẹ̀ ti rọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbàgbé gbogbo ṣíbí tó fi gbá mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù yìí.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa, Màmá Bísí, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ike àti abọ́ ló ń tà lọ́jà, ilé rẹ̀ wà ní Asawase. Òun ló ra àwọn àga tí à ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí wọ́n mú wá láti ilé, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Abena ló sọ ọ́, ó ní orúkọ yẹn rọrùn lẹ́nu àwọn oníbàárà òun. Àwọn obìnrin ọjà máa ń fi Abena ṣe yẹ̀yẹ́ pé àjẹ́ ni. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ níbi ọjà tó sì wọ ọkọ̀ dé Asawase á tún bá a níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ. "Ei, Abena ń fò!" ni wọ́n máa ń wí, a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Bísí fi ọkọ̀ gbé Abena wá bá mi ní yàrá iṣẹ́ mi, nínú àgbàlá wa ní Moshie Zongo. Ó ti kú.

"Ibà ni," ni Màmá Bísí wí. "Ọ̀la la máa sin ín láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wẹ̀ ẹ́ nílé, má wulẹ̀ dà á láàmú mọ́. Wọ èyí fún un nìkan."

Ó nawọ́ ẹ̀wù funfun kan sí mi, ọlọ́wọ́ gígùn, tí ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Mo ní, "Màmá, ooru yìí ńkọ́?"

"Ṣé òkú ń gbọ́ ooru ni, Sísítà Dọ́kásì?" Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Nígbà tí mo ṣí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, orí mi wú. Apá ọ̀tún ọmọ náà ká sókè, ó bo iwájú orí rẹ̀, bí ẹni tó ń gba ẹgba dúró. Mo tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. "Abena," ni mo wí, "ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ apá kalẹ̀." Kò rọ̀. Mo tún pè é. Mo fi Twi bẹ̀ ẹ́, mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Apá yẹn le bí irin. Lẹ́nu gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òkú kankan ò kọ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí. Yàrá náà wá dákẹ́ lọ́nà kan tí kò bá mi lára mu, bí ìgbà tí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń retí kí n sọ ohun tó yẹ.

Mo ní bóyá aṣọ àtijọ́ rẹ̀ ló ń bèèrè. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá náà, mo gba Asawase lọ lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta. Mo kan géètì Màmá Bísí. Ó ṣí.

Abena ló ṣí i.

Ojú kan náà, imú kan náà, eyín iwájú tó yọ díẹ̀ yẹn gan-an. Mo fẹ́ pe Jésù, ahọ́n mi kọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkú ọmọ yìí sílẹ̀ nínú yàrá tí mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàsán, mà," ni òkú mi wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ló gbà mí là, òkú kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn. Mo di géètì mú. "Ta ni ọ́?"

"Kẹ́hìndé, mà." Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ Táyé?"

Ìbejì ni wọ́n! Ìdí nìyẹn tí Abena fi ń fò. Ọ̀kan wà lọ́jà, ọ̀kan wà nílé, orúkọ kan náà lórí àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í jáde pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ọmọ méjì ni obìnrin yìí ń lò bí ẹrú.

Màmá Bísí ti lọ to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà àwa méjèèjì ráyè sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló pa Táyé. Ó bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màmá ní a kì í sunkún ìbejì," ló sọ. "Wọ́n ní bí mo bá sunkún, tàbí tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Táyé á padà wá mú mi. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kíṣìnì, mà."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Bí ẹ bá sin ín tán, dírẹ́bà kan ń bọ̀ wá gbé mi. Mi ò mọ ibi tó ń gbé mi lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi. Òótọ́ ni pé àwa Yorùbá kì í pariwo ikú ìbejì, à ń ṣe é ká má baà dẹ́rù ba èyí tó kù ni. Obìnrin yìí mú àṣà tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ, ó sọ ọ́ di aṣọ ìbojú fún ìwà ìkà. Mo ní kí Kẹ́hìndé máa bá mi lọ. Kò lè gbé ẹsẹ̀. Géètì yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́, mo wò ó dáadáa. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi tì í.

Mo wá rántí ohun tí ìyá mi máa ń sọ nípa ìbejì. Mo ní, "Kẹ́hìndé, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àgbà?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo rán Táyé síwájú wá wo ayé."

"Ó dáa. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìwọ lo rán an, kò lè wá mú ọ. Ọlọ́run ló rán èmi náà, mi ò sì ní bẹ̀rù Màmá Bísí. Ìsìn máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Bí o bá fẹ́ gbèjà ẹni tí o rán níṣẹ́, o mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó wọlé, ó mú ìró àǹkárá kan jáde, ó fà á ya sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì fún Táyé. Ó ro ìlàjì kejì mọ́ ìdí ara rẹ̀.

Mo padà sí yàrá iṣẹ́. Mo tẹ́ ìró náà sí ẹsẹ̀ òkú, mo sì tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀. "Táyé," ni mo wí, "Táyélolú, Kẹ́hìndé ní kí n kí ọ." Apá yẹn rọ̀. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí àyà, bí ọmọ tí oorun gbé. Omijé bọ́ lójú mi. Mo wá ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe, mo wẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí mo rí. Wáyà ti bà á lẹ́yìn jẹ́, ti tuntun lórí ti àtijọ́. Ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o wà ní apá òsì rẹ̀ lókè, àpá rẹ̀ mú ṣóńṣó bí ojú áyọ́ọ̀nù gan-an. Ohun tó sì wà lábẹ́ apá tó ká sókè yẹn, egungun iwájú orí ti wọlé.

Mo gbọ́ ohùn Eno Afia lọ́kàn mi: ohun tí ọwọ́ bá rí, ẹnu kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Mo dá a lóhùn sókè pé, "Eno, ẹ máa bínú." Àṣírí òkú ni Eno ní kí n pa mọ́. Èyí kì í ṣe àṣírí òkú, ti apààyàn ni.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti Nàìjíríà. Ó mi orí títí. "Màmá Bísí jẹ́ òpó ìjọ yìí, mà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Mo ní, "Pásítọ̀, Ọlọ́run ti gbé e lé mi lọ́wọ́."

Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọmọ náà. Mo ní èmi ni mo ń wọ aṣọ fún un. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹbí, kí n mú ẹbí wá.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, a gbé Táyé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn náà fún un, mo fi ìbọ̀wọ́ sí i, torí mi ò ní tú ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò kí n tó lè sọ òtítọ́. Ìlàjì ìró rẹ̀ ni mo fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Màmá Bísí wà níwájú nínú aṣọ dúdú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Twi bá a kẹ́dùn pé, "Due, Màmá, due," ó ń fi háńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ.

Pásítọ̀ bi ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún olóògbé. Ó ti ń ṣí ìwé orin, torí ta ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn nípa ọmọ ọ̀dọ̀? Mo dìde.

"Ọmọ yìí kì í ṣe Abena," ni mo wí. "Táyé lorúkọ rẹ̀. Ibà kọ́ ló pa á. Ọwọ́ tí mo fi wẹ òkú àwọn ìyá yín àti bàbá yín ni mo fi wẹ̀ ẹ́, mo sì rí wáyà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí áyọ́ọ̀nù lápá rẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọlọ́run tó dá a ń wo gbogbo wa."

"Ẹ gbọ́ mi o!" Màmá Bísí fò dìde. "Ẹ ò rí i pé òkú tó ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ti dà á lórí rú? Táyé wo? Ìjọ, ọmọ mélòó lẹ mọ̀ lọ́dọ̀ mi?"

"Ọ̀kan!" ni àwọn obìnrin dáhùn. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní kí n jókòó. Mi ò jókòó.

Ẹni tó ń lu dùùrù ló kọ́kọ́ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí dùùrù, ó han gooro. Gbogbo wa yíjú sẹ́yìn. Abena dúró lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlàjì ìró kan náà wà nídìí rẹ̀. Abena sì tún sùn níwájú wa nínú pósí.

Ẹnìkan ké, "Jésù! Abena ti dìde!" Àga ṣubú, àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn tí kò lè sá bo ojú. Kẹ́hìndé ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin wọn, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dúró ti pósí, ojú kan náà lókè, ojú kan náà nísàlẹ̀. Èmi tí mo mọ òtítọ́, àyà mi ṣì já.

"Kẹ́hìndé ni mí," ló wí. "Èmi ni mo rán an wá." Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lápá òsì rẹ̀ lókè, ó mú ṣóńṣó. "Ọjọ́ tí Màmá fi áyọ́ọ̀nù jó Táyé, wọ́n ní kí èmi náà wá, kí àwọn oníbàárà má baà mọ̀ wá yàtọ̀."

Màmá Bísí wo àpá yẹn, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n yọ egungun rẹ̀. Pásítọ̀ pa ìwé orin dé. Mo gbọ́dọ̀ yìn ín níbi tó yẹ: òun fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹbí ti dé.

Màmá Bísí lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọ wa pín sí méjì, àwọn kan ní mo ba ilé Ọlọ́run jẹ́, wọn ò sì kí mi títí dòní. Wọn ò gbé òkú wọn wá fún mi mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn èèyàn yẹn.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá gbà wá láyè láti sin Táyé, Kẹ́hìndé dúró létí sàréè, ó di ẹnu rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà kan sọ sí i létí pé kó má sunkún, kí èkejì rẹ̀ má baà pè é. Mo yọ ọwọ́ Kẹ́hìndé kúrò lẹ́nu. Mo ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Sunkún, ọmọ mi, kí o sì máa wò ó bó ṣe ń lọ." Ó ké. Ó pe Táyé lórúkọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn àgbà ń wò ó bóyá ó máa ṣubú. Kò ṣubú. Mo sì bi í lẹ́yìn náà bóyá ó ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ní kíṣìnì. Ó ní rárá.

Kẹ́hìndé ló ni yàrá iṣẹ́ mi báyìí. Èmi kọ́ ni mo ní kó wá kọ́ ọ o, òun ló bẹ̀ mí. Mo kọ́ ọ ní orúkọ pípè, mo kọ́ ọ ní aṣọ àtijọ́. Òfin Eno Afia nípa ohun tí ọwọ́ bá rí nìkan ni mo tún ṣe. Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, bí mo ti jókòó kọ èyí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá yẹn, ó ń bẹ ẹnìkan pé kó ká apá.

Mo ti sọ fún un, ọjọ́ tó bá kàn mí, kó má pè mí ní Màmá. Kó pè mí ní Dọ́kásì, màá rọ apá fún un. Mo ní kó sì wẹ̀ mí dáadáa, kó wo ẹ̀yìn mi, kó wo iwájú orí mi, bí ó ti ń wo gbogbo èèyàn. Bí ó bá sì rí ohunkóhun, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ.